Ọkọ̀ Tí Wọ́n Gbé Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Síwájú

 

Bí òjò bá ti rọ̀ tí ọkọ̀ sì rì sínú ẹrẹ̀, gbogbo wa la mọ ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀. Awakọ̀ á tẹ iná mọ́ ọn, ẹ́ńjìnnì á ké, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á máa yí lójú kan náà, yóò máa da ẹrẹ̀ sí aṣọ àwọn tó dúró lẹ́yìn, ọkọ̀ kò sì ní kúrò níbẹ̀. Nígbà náà ni ẹnì kan tí ojú rẹ̀ ti rí irú rẹ̀ rí yóò sọ pé kí ọkùnrin méjì tàbí mẹ́ta gun ẹ̀yìn ọkọ̀ kí wọ́n jókòó lé e. Bí wọ́n bá ti jókòó, táyà á mú ilẹ̀, ọkọ̀ á sì fò jáde. Ẹ kíyè sí i pé agbára ẹ́ńjìnnì kò pọ̀ sí i rárá. Ohun kan ṣoṣo tó yí padà ni ìwúwo tó wà lórí ẹsẹ̀ tí ń ti ọkọ̀ lọ.

Ẹ fi èyí sọ́kàn. Ìtàn tí mo mú wá fún yín lálẹ́ òní jẹ́ ti àwọn ará Amẹ́ríkà kan tí wọ́n mú ọgbọ́n kékeré yìí, tí wọ́n lò ó dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò lérò. Wọ́n yí ọkọ̀ padà títí àwọn onídàájọ́ fi ní kí wọ́n gbé e lọ, títí àwọn èrò ìwòran fi ń rẹ́rìn-ín, tí orúkọ tuntun sì ti inú ẹ̀rín náà jáde.

Eré ìje kan wà lọ́hùn-ún tí wọ́n ń pè ní dírágì. Kò ní kọ́nà, kò ní òkè, kì í sì í pẹ́. Ọkọ̀ méjì ni wọn yóò tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí ọ̀nà tó tọ́ gbọnrangandan, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin máìlì, èyíinì ni 1,320 ẹsẹ̀ bàtà. Bí ẹ bá to pápá bọ́ọ̀lù mẹ́rin tẹ̀lé ara wọn, ẹ ti dé òpin rẹ̀. Láti ìdúró gedegbe ni wọ́n ti ń gbéra. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé òpin ló jẹ, ẹni kejì a sì kó ẹrù rẹ̀ sílé.

Àwọn ọ̀dọ́ California ló dá a sílẹ̀. Kí ogun Hítílà tó dé ni wọ́n ti ń sáré lórí ilẹ̀ adágún tó ti gbẹ, bíi Muroc. Nígbà tí ogun parí, pápákọ̀ òfuurufú tí àwọn ológun kò lò mọ́ wà káàkiri, àwọn ọmọkùnrin tó ti fi iṣẹ́ ogun kọ́ iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì sì pọ̀ nílẹ̀. Ní ọdún 1950 wọ́n ṣí ibi eré kan ní pápákọ̀ òfuurufú Santa Ana. Ní 1951 ọkùnrin kan tí a ń pè ní Wally Parks dá ẹgbẹ́ tí a mọ̀ sí NHRA sílẹ̀, kí wọ́n lè kó eré náà kúrò lójú títì ìlú, níbi tí ó ti ń pa ènìyàn, kí wọ́n sì fún un ní òfin. Ìdíje àpapọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ náà ṣe wáyé ní Great Bend, ní ìpínlẹ̀ Kansas, ní 1955.

Nínú gbogbo òfin wọn, èyí tó kàn wá lálẹ́ yìí ni ti ìsọ̀rí. Wọn kò jẹ́ kí ọkọ̀ gbogbo máa bá ọkọ̀ gbogbo jà. Àwọn ọkọ̀ kan wà tí wọ́n kàn kó irin pọ̀ láti fi sáré, àwọn wọ̀nyẹn ní ìsọ̀rí tiwọn. Ṣùgbọ́n ìsọ̀rí kan tún wà fún ọkọ̀ tí ènìyàn lè lọ rà lọ́wọ́ oníṣòwò ọkọ̀, kí mẹkáníìkì tàbí akọ̀wé tó fi owó oṣù rẹ̀ ra Plymouth lè gbé e wá ní ọjọ́ Sunday, kí ó bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ díje, kí ó sì tún gbé e lọ sí ibi iṣẹ́ ní ọjọ́ Monday. Mo rò pé ìsọ̀rí yìí gan-an ni ọkàn eré náà. Ẹni tó jókòó lórí pákó ìwòran rí ọkọ̀ tí ó jọ tirẹ̀, ó sì ń bá a sáré nínú ọkàn rẹ̀.

Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ní ìlú Detroit náà rí èyí. Wọ́n rí i pé ọkọ̀ tó bá borí ní Sunday, àwọn ènìyàn á wá béèrè rẹ̀ ní Monday. Ni wọ́n bá dá sí i. Kì í ṣe gbogbo wọn o. Ilé-iṣẹ́ General Motors, tí ó ni Chevrolet, yọ ọwọ́ kúrò nínú eré ìje ní oṣù January 1963, ṣùgbọ́n Ford àti Chrysler kò yọ. Chrysler ló ní Dodge àti Plymouth. Kí ọ̀rọ̀ náà má baà dojú rú, NHRA ti dá ìsọ̀rí tuntun sílẹ̀ ní 1962 fún ọkọ̀ tí ilé-iṣẹ́ ṣì ń dán wò, èyí tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ oníṣòwò. Ihò kékeré ni wọ́n dá sí ara ògiri. Ẹ ó rí ohun tó gba ibẹ̀ wọlé láìpẹ́.

Ní Chrysler, àwọn ẹnjinía ọ̀dọ́ kan wà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ náà ní ọ̀sán, tí wọ́n sì ń kóra jọ lẹ́yìn iṣẹ́ láti kan ọkọ̀ eré tiwọn. Ramchargers ni wọ́n pe ara wọn. Ní 1959 wọ́n gbé Plymouth ọdún 1949 kan, ògbólógbòó, wọ́n sì gbé ara rẹ̀ ga sókè bí ẹni tó wọ àgéré. Gbogbo ẹni tó rí i ló fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ẹnjinía náà mọ ìdí tí wọ́n fi gbé e ga. Bí ọkọ̀ bá gbéra lójijì, ìwúwo rẹ̀ a máa fì sẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí ọrùn yín ṣe máa ń fì sẹ́yìn bí awakọ̀ bá já ọkọ̀ gbà láìkìlọ̀. Bí ara ọkọ̀ bá ṣe ga tó ni ìwúwo tó ń fì sẹ́yìn ṣe ń pọ̀ tó, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn a sì máa mú ilẹ̀ dáadáa. Ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin tó jókòó sí ẹ̀yìn ọkọ̀ inú ẹrẹ̀ náà ni, bí ẹ bá wò ó dáadáa.

Ní oṣù February 1964 Chrysler gbé ẹ́ńjìnnì tuntun kan jáde, Richard Petty sì fi í borí nínú eré ńlá Daytona ní Florida. Hemi ni orúkọ rẹ̀, nítorí pé òkè ibi tí epo ti ń jó nínú rẹ̀ rí roboto bí igbá tí a là sí méjì. Ó tóbi tó 426 íńṣì ní ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn inú ẹ́ńjìnnì. Agbára ẹṣin 425 ni wọ́n kọ sínú ìwé, àwọn tó mọ̀ ọ́n sì mọ̀ pé ìwé náà kò sọ òótọ́ tán. Agbára rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ dírágì, ìṣòro tuntun dé. Agbára ti pọ̀ ju ohun tí táyà ayé ìgbà yẹn lè gbé lọ. Bí awakọ̀ bá tẹ iná tán, táyà á kàn máa yí, èéfín á sọ, ẹni tí agbára rẹ̀ kò tó ìdajì á sì ti kọjá lọ.

Báwo ni wọn yóò ṣe ṣe é? Èrò tó kọ́kọ́ wá sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn ni pé kí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì, tó wúwo bí àpáta, sẹ́yìn díẹ̀ nínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí a bá gbé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sẹ́yìn kì í ṣe ọkọ̀ tí ilé-iṣẹ́ ń tà mọ́, ó ti bọ́ sí ìsọ̀rí mìíràn. Ní ìparí ọdún 1964 àwọn ará Chrysler wá dá ọgbọ́n kan tó pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Wọ́n ní ó dára, àwa kò ní fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Ibi tó wà ni kó máa wà. Ẹsẹ̀ ni a ó gbé síwájú lábẹ́ rẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ jẹ́ kí n lo àpẹẹrẹ. Bí ẹni méjì bá fi ọ̀pá gbọọrọ gbé àpò gàrí kan, tí àpò náà sì rọ̀ ní àárín gan-an, ìdajì ni oníkálukú gbé. Bí ẹni iwájú bá wá sún ọwọ́ rẹ̀ jìnnà sí àpò, tí ẹni ẹ̀yìn sì sún ọwọ́ tirẹ̀ mọ́ ọn, ẹni ẹ̀yìn ni ẹrù yóò tẹ̀ jù. Àpò náà kò kúrò ní ojú kan o. Ọwọ́ àwọn tó gbé e ló sún. Ohun tí àwọn ẹnjinía wọ̀nyí ṣe gan-an nìyẹn. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ iwájú síwájú ní íńṣì 10, wọ́n sì gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn síwájú ní íńṣì 15.

Ẹ mú gègé àti ìwé. Plymouth Belvedere ọdún náà ní íńṣì 116 láàárín ẹsẹ̀ iwájú àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí a ní ọkọ̀ náà wúwo tó 3,200 pọ́n-ùn, àti pé ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo náà ló wà lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, nítorí ẹ́ńjìnnì wà níwájú. Èyí jẹ́ 1,472 pọ́n-ùn. Bí ẹ bá sún ẹsẹ̀ méjèèjì gẹ́gẹ́ bí mo ti wí, àlàfo tó wà láàárín wọn yóò di íńṣì 111, ìwúwo orí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yóò sì gòkè dé ìdá 57, èyíinì ni bíi 1,827 pọ́n-ùn. Ẹ yọ ti ìṣáájú kúrò nínú èyí. Ó lé ní 350 pọ́n-ùn. Ìwúwo ọkùnrin méjì sígbọnlẹ̀ nìyẹn, tí wọ́n jókòó sí ẹ̀yìn ọkọ̀ láìsí ọkùnrin kankan níbẹ̀, tí ọkọ̀ kò sì fi pọ́n-ùn kan wúwo ju bó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ!

Bíi ọkọ̀ méjìlá ni wọ́n ṣe báyìí, tí Dodge àti Plymouth pín láàárín ara wọn. Wọ́n kọ́kọ́ rì ara ọkọ̀ náà, tó jẹ́ irin, sínú ásíìdì, títí irin náà fi fẹ́lẹ́. Bónẹ́ẹ̀tì, ilẹ̀kùn àti bọ́ḿpà kò jẹ́ irin mọ́, gíláàsì olówùú ni wọ́n lò. Gíláàsì fèrèsé pàápàá, wọ́n fi èyí tó fẹ́lẹ́ rọ́pò rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan ní ìpínlẹ̀ Michigan ló gbé ẹsẹ̀ síwájú fún wọn. Ẹ ò ní gbàgbọ́ iṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ náà ń ṣe tẹ́lẹ̀: ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn ni wọ́n máa ń kàn. Àwọn tó mọ bí a ṣe ń gé ọkọ̀, tí a sì ń tún un so kí ó lè gbé ẹni tó ń kú lọ sílé ìwòsàn láìmì, àwọn náà ni wọ́n pè láti gé ọkọ̀ tí yóò máa fò bí ẹtu.

Nígbà tí ọkọ̀ wọ̀nyí jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ 1965, àwọn ènìyàn kò mọ ohun tí wọn yóò sọ. Ẹsẹ̀ iwájú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ jáde ní imú ọkọ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti wọ abẹ́ ibi tí èrò ẹ̀yìn ń jókòó sí, ẹ̀yìn ọkọ̀ sì yọ gọgọrọ bí ìrù alángbá. Ó dà bí ìgbà tí ọmọdé ya àwòrán ọkọ̀ tí kò sì wọn ibi tí yóò fi ẹsẹ̀ sí. Àwọn èrò ìwòran ní ọkọ̀ apanilẹ́rìn-ín ni. Orúkọ náà mọ́ ọn lára, òun náà sì ni wọ́n ń pe ọmọ-ọmọ ọkọ̀ wọ̀nyí títí di òní olónìí.

NHRA kò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Òfin wọn gbà pé kí àlàfo ẹsẹ̀ méjèèjì yàtọ̀ sí ti ilé-iṣẹ́ ní ìdá 2 péré nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ti Belvedere, èyí jẹ́ íńṣì méjì àti díẹ̀. Ẹni tó sún ẹsẹ̀ kan ní íńṣì 10 àti èkejì ní íńṣì 15 kò ní àwíjàre níwájú irú òfin bẹ́ẹ̀. Ní ìdíje ìgbà òtútù ọdún 1965 ní Pomona, wọn kò jẹ́ kí ọkọ̀ tuntun wọ̀nyí wọ ìsọ̀rí náà. Mustang tí Ford fi ẹ́ńjìnnì ńlá sí, tí kò sì ré òfin ìdá 2 kọjá, ló gba ipò kìíní níbẹ̀. Bill Lawton ló wà á.

Ẹjọ́ ta ni a ó dá láre? Èmi rò pé àwọn onídàájọ́ Pomona ṣe ohun tó tọ́. Bí ọkọ̀ tí a rì sínú ásíìdì, tí a gé ní agbedeméjì, tí a sì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ síbòmíràn bá ṣì ń jẹ́ ọkọ̀ tí ènìyàn lè rà lọ́jà, kí ni mẹkáníìkì tó fi owó oṣù ra tirẹ̀ wá ṣe níbẹ̀? Wọ́n ti gba pápá lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Síbẹ̀, kò ṣeé ṣe fún mi láti kórìíra àwọn ẹnjinía náà. Kò sí ohun tí wọ́n fi pamọ́. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ ọkọ̀ síbi tí ojú gbogbo ayé ti lè rí i.

Ohun tí àwọn onídàájọ́ kò lè dá dúró ni owó ìwọlé. Ẹgbẹ́ mìíràn wà tí ń jẹ́ AHRA, àwọn gba ọkọ̀ náà wọlé. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn tó ni pápá eré káàkiri, pàápàá ní ìhà gúúsù àti ìhà ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, rí i pé kò pọn dandan kí wọ́n ṣe ìdíje kankan. Awakọ̀ méjì tó lórúkọ ni wọn yóò háyà, Dodge kan àti Ford kan, kí wọ́n pàdé lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹni tó bá jẹ ẹ̀ẹ̀mejì gbà á. Rédíò ni wọ́n fi ń polongo rẹ̀, pẹ̀lú ariwo tó lè la etí ènìyàn, àwọn èrò á sì ya wá. Kò sí ìsọ̀rí, kò sí ìwọ̀n, kò sí ẹni tó fẹ́ wọn ibi tí ẹsẹ̀ wà. Awakọ̀ bíi Ronnie Sox ti North Carolina àti Dick Landy ti California, ẹni tí sìgá ńlá kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, di ẹni tí àwọn ọmọdé ń pe orúkọ wọn bí a ṣe ń pe orúkọ agbábọ́ọ̀lù.

Ẹnì kan wà láàárín wọn tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Malcolm Durham ni orúkọ rẹ̀, ọmọ adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n bí ní Goldsboro ní North Carolina, tó sì ń ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì ní agbègbè Washington. Chevrolet ló ń wà, èyí tó túmọ̀ sí pé kò ní ilé-iṣẹ́ kankan lẹ́yìn, nítorí General Motors ti yọwọ́. Ó mú ẹ́ńjìnnì ńlá tí wọ́n ṣe sínú Impala ọdún 1963, ó gbé e sínú Chevelle ọdún 1964 tó kéré jù ú lọ, ó sì ń fi í lé Dodge àti Plymouth tó ní Hemi. Àwọn ọdún wọ̀nyẹn ni àwọn ènìyàn dúdú ń jà fún ẹ̀tọ́ láti jókòó níbi tí ènìyàn funfun bá jókòó sí, òun sì ń wakọ̀ lọ sí pápá eré ní gúúsù, ó ń gbowó kí ó tó sáré, ó sì ń borí lójú wọn. Strip Blazer ló kọ sára ọkọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí òfin ti kúrò lọ́nà, kò sí ohun tó tún dá ẹnikẹ́ni dúró. Àwọn tó ní Hemi yọ kabúrétọ̀ dànù, wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń tu epo sínú ẹ́ńjìnnì rọ́pò rẹ̀, ọ̀pá mẹ́jọ sì yọ jáde láti inú ihò tí wọ́n dá sí bónẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í po nitromethane mọ́ epo. Ohun kan nìyí tó yẹ kí n ṣàlàyé. Pẹtiróòlù pọ́n-ùn kan nílò afẹ́fẹ́ bíi pọ́n-ùn 14.7 kí ó tó jó tán, ṣùgbọ́n pọ́n-ùn kan nitromethane kò nílò ju bíi 1.7 lọ, nítorí pé ó ti gbé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tirẹ̀ sínú ara. Nítorí náà, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ kan náà, ẹ́ńjìnnì lè jó nitromethane tó ju ìlọ́po mẹ́jọ pẹtiróòlù lọ. Ooru tó wà nínú pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan rẹ̀ kéré sí ti pẹtiróòlù lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí a bá ṣírò gbogbo rẹ̀, agbára tó ń jáde ju ìlọ́po méjì lọ.

Ìyára wọn wá ń já bọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní 1964, Hemi tó dára máa ń sá ìdá mẹ́rin máìlì náà ní bíi ìṣẹ́jú-àáyá 11. Ní ìgbà ìrúwé ọdún 1965, àwọn ọkọ̀ apanilẹ́rìn-ín ti wọ abẹ́ 10. Kí ọdún náà tó parí, àwọn kan ti sá a lábẹ́ 9. Nínú eré ìje tí wọ́n ti ń fi ìdá ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá jà, odindi méjì ti lọ láàárín ọdún méjì.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo apá kejì ọ̀rọ̀ náà, nítorí kò ní dára kí n sọ kìkì ohun tó dùn. Irin tó fẹ́lẹ́ kì í dáàbò bo ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ tí ìwúwo rẹ̀ pọ̀ lẹ́yìn, bó bá gbéra, a máa na imú sókè ọ̀run. Ẹsẹ̀ iwájú á kúrò nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ iwájú ni a fi ń darí ọkọ̀. Àwọn èrò fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Àwọn ọkọ̀ kan tilẹ̀ wà tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bíi ọkọ̀ ẹrù Dodge pupa tí Bill Golden ń wà. Àwọn pápá tí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ti ń sáré sì jẹ́ pápá ìgbèríko, tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ tí kò yára tó bẹ́ẹ̀. Ní ibòmíràn, òkìtì erùpẹ̀ lásán ló wà láàárín ọkọ̀ àti ènìyàn.

Ọdún 1965 náà ni àwọn tó ń ṣàkóso eré ìje NASCAR, irú èyí tí Petty máa ń sá, fi òfin lé Hemi jáde. Chrysler bínú, kò kópa mọ́, Richard Petty sì di ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ó kan Plymouth Barracuda kékeré kan, ó gbé Hemi sínú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ dírágì. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù February, ní pápá kan lẹ́bàá ìlú Dallas ní ìpínlẹ̀ Georgia, bó ti gbéra báyìí ni ọkọ̀ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gun òkìtì ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó sì já sáàárín èrò. Àwọn ènìyàn fara pa, ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́jọ kan sì kú. Eré ló kàn wá wò ní ọjọ́ ìsinmi, bíi ti ọ̀pọ̀ ènìyàn tó wà níbẹ̀. Nígbà tó yá ní ọdún náà, wọ́n tún gba Hemi padà, Petty sì padà sí iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́.

Barracuda yẹn kò sí lára àwọn méjìlá tí mo ń sọ̀rọ̀ wọn, n kò sì fẹ́ kí ẹ rò pé ẹsẹ̀ tí a gbé síwájú ló fa ikú ọmọ náà. Ṣùgbọ́n àkókò kan náà ni, agbára kan náà ni, pápá ìgbèríko kan náà sì ni. Àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ti sáré ju àwọn tó ń mọ ògiri lọ.

Ní ti ọgbọ́n gbígbé ẹsẹ̀ síwájú, ọdún kan péré ló fi jọba. Ní 1966 ẹ̀ka Mercury ti Ford gbé ọkọ̀ kan jáde tí ó pe ara rẹ̀ ní Comet, ṣùgbọ́n tí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ jẹ́ kìkì ọ̀pá irin tí ilé-iṣẹ́ Logghe ní Michigan so pọ̀. Ara rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo tí a mọ láti inú gíláàsì olówùú, a sì lè ṣí i sókè látẹ̀yìn bí ìdérí ìkòkò. Don Nicholson wà lára àwọn tó wà á, ó sì kó àwọn ẹlòmíràn láyà jẹ. Ta ló tún máa gé Coronet tí ó bá lè mọ ọkọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó sì fi ẹsẹ̀, ẹ́ńjìnnì àti ìjókòó síbi tó wù ú? NHRA náà rí i pé ohun tí wọ́n lé jáde ti di olórí ìwòran. Ní 1969 wọ́n fún ọkọ̀ apanilẹ́rìn-ín ní ìsọ̀rí tirẹ̀, orúkọ tí àwọn èrò fi ṣe yẹ̀yẹ́ sì wọ inú ìwé òfin.

Ìsọ̀rí náà ṣì wà. Ọkọ̀ òde òní tó wà nínú rẹ̀ ń sáré ju 330 máìlì ní wákàtí kan lọ, ó sì ti yára débi pé láti ọdún 2008, lẹ́yìn tí awakọ̀ Scott Kalitta kú ní New Jersey, 1,000 ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n ń sá dípò 1,320, kí ọ̀nà lè kù sílẹ̀ láti fi dúró.

Àwọn méjìlá ọdún 1965 ńkọ́? Àwọn tó ni wọ́n lò wọ́n gbó. Òmíràn wọn tún tà fún ọmọ ìgbèríko kan, òun náà lò ó gbó tirẹ̀. Ìwọ̀nba tó kù ti di ohun tí àwọn olówó ń wá kiri, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kan sì ń gé Dodge àtijọ́ mìíràn kí ó lè jọ wọ́n. Bí ẹ bá rí àwòrán ọ̀kan nínú wọn lọ́jọ́ kan, ẹ má wulẹ̀ ka orúkọ tí wọ́n kọ sí i lára. Ẹ wo ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ẹ wo bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti súnmọ́ ọn tó. Ẹ ó mọ̀ ọ́n lójú kan.